Ta Ni Yóò Ra Gíríìsì?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni mo fẹ́ kí a jọ sọ, kì í ṣe ẹ̀rọ ìléwọ́ tí ẹ fi ń ka ìwé ìròyìn yìí, bí kò ṣe èyí tó ń kùn lóko, tí ọ̀rá àti eruku ti bò mọ́lẹ̀, tí òógùn ìyá ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa sì ti kán sí lórí kí a tó lè wọ yunifásítì.

Mo ti ṣàkíyèsí ohun kan nínú àwọn oko ẹbí tí mo mọ̀ ní Ìbàràpá, tiwa náà kò sì yọ sílẹ̀. Owó máa ń wà láti ra ohun tuntun; owó àtúnṣe ni kì í sí. Bí a bá ní kí a dáwó ra ẹ̀rọ, ẹ̀gbọ́n tó wà ní Èkó yóò ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, àbúrò Bàbá tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù yóò béèrè nọ́ńbà àkáǹtì, yóò sì ní kí a ya fọ́tò rẹ̀ wá bí ó bá ti dé. N kò tíì rí ẹni tó ní kí a ya fọ́tò gíríìsì wá.

Oko wa wà láàrin Èrúwà àti Láńlátẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kí n tó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Bàbá wa ti ra ẹ̀rọ tí a fi ń rin ín, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Lister tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Ìlú Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, kí àwọn ará Íńdíà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ tà káàkiri ayé. Ẹ ó mọ ohùn rẹ̀ bí ẹ bá ti dé abúlé rí: tọ́, tọ́, tọ́, bí àgbàlagbà tí kò kánjú. Èyí tó ní agbára ẹṣin 6 nínú wọn kì í yí ju ìgbà 650 lọ ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ẹ́ńjìnnì kékeré oníbẹntiróòlù òde òní ń yí ju ìlọ́po mẹ́rin iye yẹn lọ. Ohun tí kò bá sáré púpọ̀ kì í tètè gbó.

Ìyá mi ló ń lo ẹ̀rọ yìí. Gààrí tí ó ń yan ló fi rán àwa mẹ́rin ní ilé ìwé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Bàbá ti ṣaláìsí, ẹ̀rọ náà ti di ti gbogbo ẹbí, ẹ sì mọ bí ohun tí í ṣe ti gbogbo ẹbí ṣe máa ń rí. Gbogbo wa la ni ín nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá dákẹ́, ó di ti Ìyá mi.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, ó dákẹ́. Bíárìn kan lára ibi tí ẹ̀gẹ́ ti ń di rírin ló dì, ìyẹn òrùka irin tó ní àwọn ọmọ roboto nínú, tí ọ̀pá irin ń gbà yí. Ọjọ́ tó dì gan-an ni ìṣòro. Wọ́n ti fa ẹ̀gẹ́ tó kún ọkọ̀ akẹ́rù kan tu ní ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n ti san owó àwọn lébìrà, àwọn obìnrin tó ń bó o sì ti jókòó pẹ̀lú ọ̀bẹ wọn. Ẹni tí kò mọ ẹ̀gẹ́ lè rò pé ohun tí èèpo rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ yóò lè dúró de mẹkáníìkì. Iṣu lè lo ọ̀pọ̀ oṣù nínú abà. Ẹ̀gẹ́ kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Láàrin ọjọ́ kan sí mẹ́ta tí a bá ti fà á tu, àwọn ìlà tó dúdú bí aró yóò ti máa yọ nínú ẹran ara rẹ̀, kò sì ní í ṣe é yan ní gààrí tó dára mọ́.

Ìyá mi kò pariwo. Ó ní kí wọ́n bó gbogbo rẹ̀, kí wọ́n gé e, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú àwọn dúrọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ó ti rọ̀, ó di láfún. Ṣùgbọ́n oòrùn oṣù kẹsàn-án kì í ṣe ohun tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé, apá kan sì bu lórí àpáta tí wọ́n sá a sí. Oníbàárà tó ti san owó gààrí sílẹ̀ kò fẹ́ láfún rárá. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni Ìyá mi yá láti fi dá tirẹ̀ padà, oṣù mẹ́rin gbáko ló sì fi san gbèsè náà. Owó bíárìn tuntun kò tó owó oúnjẹ tí àwọn tó wá bó ẹ̀gẹ́ jẹ ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Mẹkáníìkì tó wá láti Èrúwà kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ó yọ bíárìn náà, ó fi àkísà nù ún, ó sì tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ kí gbogbo wa lè rí i. Ìpẹtà ti jẹ àwọn ọmọ roboto yẹn kù bí eyín àgbà. Ó ṣàlàyé pé omi ẹ̀gẹ́ kan, ó sì ń jẹ irin. Iṣẹ́ gíríìsì kì í ṣe pé kí nǹkan máa yọ̀ nìkan, òun náà ló ń dínà mọ́ omi. Bíárìn yìí kò rí gíríìsì láti bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ìbéèrè tó mú mi fẹ́ràn ọkùnrin náà: “Ta ló ń fa bẹ́líìtì yìí le tó báyìí?”

Àwọn ọmọkùnrin oko ni. Ìdí tí wọ́n fi ń fà á le ni pé ó máa ń yọ. Ó ń yọ nítorí pé ẹ́ńjìnnì ń mì, ó sì ń mì nítorí pé igi tí wọ́n gbé e lé ti jẹrà. Igi jẹrà nítorí pé páànù tó wà lókè rẹ̀ ti lu, omi òjò sì ń kán sí i lára láti ọdún mẹ́ta. Bẹ́líìtì tó le jù a máa fa ọ̀pá irin sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni bíárìn yóò sì ti máa jẹ. Ó kọ́ wa bí a ti ń dán an wò: ẹ pa ẹ̀rọ ná, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì ní àárín. Bí ó bá rọ̀ wọlé díẹ̀, ó tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá le gan bí awọ gángan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà, ó ti pọ̀ jù. Ọ̀nà tí ikú gbà dé bá bíárìn wa nìyẹn, láti orí páànù. Ihò ìṣó kan péré ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí WhatsApp ẹbí, kò sí ẹni tó dárúkọ páànù. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a ra ẹ̀rọ tuntun, kí a ta ti àtijọ́ fún àwọn tó ń ra irin jíjẹ. Bàbá Lọ́ńdọ́ọ̀nù fi àwòrán ẹ̀rọ kan tó ń dán ránṣẹ́, ẹni mẹ́tàdínlógún sì fi àtàǹpàkò dá a lóhùn. Wọ́n ní ìfẹ́ wa, n kò jiyàn ìyẹn. Síbẹ̀ a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: bí a bá gbé ẹ̀rọ tuntun sórí igi jíjẹrà kan náà, lábẹ́ páànù lílu kan náà, ọdún mélòó ni yóò lò? Ohun tó tún ń dùn mí ni pé Ìyá mi, tó mọ ohùn ẹ̀rọ yẹn ju ohùn ọmọ rẹ̀ lọ, kò sí nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ọ̀hún; fóònù onítọ́ọ̀ṣì ló ń lò. Mo bi í léèrè, mo sì tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: “Ẹ bá mi tún ilé ìyálé ṣe ná, kí ẹ tó máa fẹ́ ìyàwó wọlé.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kí owó náà lọ síbi tó yẹ.

Àtíbàbà ẹ̀rọ la kọ́kọ́ wó. Bíríkìlà gbẹ́ ilẹ̀ ibi tí ẹ́ńjìnnì yóò jókòó, ó po kọnkéré ní ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì 1, iyanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4, kò sì jẹ́ kí wọ́n da omi púpọ̀ sí i bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó lómi rọrùn láti pò. Káfíńtà ti gbẹ́ pákó kan tó ní ihò mẹ́rin, tí ó bá ihò ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì mu wẹ́kú. Inú pákó yìí ni wọ́n ki àwọn irin onínọ́ọ̀tì bọ̀ kí wọ́n tó rì wọ́n sínú kọnkéré, kí ìkankan má bàa yà sí ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn èyí ni wàhálà dé. Ẹ̀gbọ́n mi ti Èkó wá, ó tẹ orí kọnkéré ní ọjọ́ kejì, ó ní ó ti gbẹ, kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì lé e. Bíríkìlà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kọnkéré kò fẹ́ kí a sá òun bí láfún; omi ni sìmẹ́ǹtì ń mu tí ó fi ń le, bí omi bá sì ti tán lára rẹ̀ ní kíákíá, kò ní í lágbára mọ́. Àpò ìdọ̀họ la fi bò ó, tí a ń wọ́n omi sí lówùúrọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 7. Ẹ̀gbọ́n mi padà sí Èkó pẹ̀lú ìbínú díẹ̀.

N kò ní í sọ púpọ̀ nípa òrùlé, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ ilé rí mọ bí ọ̀rọ̀ páànù ṣe ń náni lówó. Ohun méjì péré ni Ìyá mi bẹ̀ wọ́n. Àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ láàrin ògiri àti òrùlé níbi tí wọ́n ti ń yan gààrí, kí èéfín lè rí ọ̀nà jáde, nítorí ojú àwọn obìnrin yẹn kì í ṣe irin. Èkejì ni pé kí wọ́n fi kọnkéré la ọ̀nà fún omi tí jáàkì ń fún jáde lára ẹ̀gẹ́, kí ó máa ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ odò kúrò lẹ́bàá kànga. Májèlé sáyánáìdì wà nínú omi náà; ewúrẹ́ tó bá mu ún yó lè kú. Bàbá tó nílẹ̀ lápá ìsàlẹ̀ kò gbà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Kòtò jíjìn la wá gbẹ́ fún omi náà ní apá ilẹ̀ tiwa, tí a fi igi ṣọgbà yí ká, jìnnà sí kànga gan-an.

Ohun tí mo jà fún jù lọ ni àwọ̀n irin tó bo bẹ́líìtì. Láti kékeré ni mo ti ń rí i pé bí Ìyá mi bá fẹ́ súnmọ́ ẹ̀rọ, yóò kọ́kọ́ bọ́ ìborùn rẹ̀, yóò tún ìró rẹ̀ ró dáadáa, yóò sì lé àwa ọmọdé sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ó ti rí obìnrin kan ní oko kejì tí bẹ́líìtì fi ìró wọ́ ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Ìka mẹ́ta ni obìnrin náà fi ń bó ẹ̀gẹ́ títí di òní, inú oko kan náà ló sì wà, nítorí kò ní iṣẹ́ mìíràn. Wẹ́dà fi ọjọ́ kan jó àwọ̀n náà pọ̀. Iye tó gbà kò tó owó aṣọ ẹbí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa san fún ìgbéyàwó kan ní oṣù kejìlá. Mo kọ iye méjèèjì sórí WhatsApp, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, n kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan kún un.

Ní báyìí, ọmọ àbúrò Ìyá mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún 19, ni gíríìsì àti sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé àjákọ kan ń rọ̀ lára ìṣó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló ń kọ ohun tó bá ṣe sí. Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá máa ń gbádùn ìwé yẹn ju ọ̀pọ̀ ìwé tí mo kà ní yunifásítì lọ. “Ọjọ́ Ajé: bẹ́líìtì ń sunkún, mo dẹ̀ ẹ́.” “Ọjọ́ Ẹtì: ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo fọ asẹ́ dísẹ́ẹ̀lì.” Nínú owó àpò gààrí kọ̀ọ̀kan, Ìyá mi ń yọ iye kan sínú kóló tí wọ́n kọ ‘Ẹ̀RỌ’ sí lára.

Kóló yẹn ti dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ẹbí pàdé lẹ́yìn ọdún tuntun, ẹ̀gbọ́n Bàbá, tí a ń pè ní Bàbá Àgbà, ní ohun tí ẹ̀rọ àbúrò òun bá mú wá, ti ẹbí ni. Kí wọ́n fọ́ kóló náà ní ìparí ọdún, kí wọ́n pín in. Gbogbo ojú yí sí Ìyá mi. Ó kúnlẹ̀ kí ó tó fèsì. “Ẹ ṣé, Bàbá mi. Ẹbí ló ni ín lóòótọ́. Bí a bá wá pín in tán, ẹ bá mi pín ẹni tí yóò máa ra gíríìsì.” Bàbá Àgbà wò ó títí. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ di ọjọ́ Àjíǹde.

Àjíǹde ṣì ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, páànù oníhò tí wọ́n fi yí igi ìrin-ẹ̀gẹ́ ká sì ti kú ojú. Ẹ̀gẹ́ ń jáde ní wóro-wóro, iṣẹ́ àwọn tó ń jọ̀ ọ́ sì ti di ìlọ́po méjì. Ìyá mi kò dúró de ìpàdé. Ó ti ṣí kóló, ó ti ra páànù tí kì í dípẹtà, ọjọ́ Sátidé yìí ni wẹ́dà ń bọ̀ wá lu ihò sí i.