Ta Ni Òórùn Irú Ṣẹ̀?

Ohun tí etí ń ṣe sí ìró ni Yorùbá sọ pé imú ń ṣe sí òórùn: gbígbọ́ ni wọ́n ń pe méjèèjì. Ọgbọ́n wà nínú èyí, nítorí iṣẹ́ ni òórùn ń jẹ́ fún ènìyàn. Bí irú bá ti kan epo gbígbóná ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo agboolé ti mọ ilé tí wọ́n ti ń ro ẹ̀fọ́. Ẹni tí ó ti oko dé kò ní béèrè bóyá oúnjẹ wà.

Ó ṣeni láàánú pé òórùn yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń tijú rẹ̀ lónìí. Ìyàwó ilé ń ti fèrèsé kí ará òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì má baà gbọ́ ohun tí òun ń sè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí irú wà nínú oúnjẹ rẹ̀ ń di ẹni yẹ̀yẹ́ láàárín ẹgbẹ́. Magí sì ti lé irú kúrò nínú ìkòkò ọ̀pọ̀ ilé, bí ẹni pé ohun ẹ̀gbin ni.

Irú kì í ṣe ẹ̀gbin. Àwọn tí ń ṣe é a máa se èso igi irúgbá fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó tó rọ̀. Wọn a bó èèpo rẹ̀, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a tún un sè, lẹ́yìn náà ni wọn yóò bò ó mọ́ inú igbá tàbí agbọ̀n fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Nínú ooru yìí ni kòkòrò tíntìntín tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus subtilis ti ń fọ́ èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, tí òórùn amóníà yóò sì jáde. Irú kòkòrò yìí kan náà ni àwọn ará Jàpáànì fi ń ṣe natto láti ara ẹ̀wà sóyà. Òórùn natto kò kéré rárá, síbẹ̀ wọ́n ń fi í jẹ ìrẹsì ní òwúrọ̀, ojú kò sì tì wọ́n.

Ìkórìíra irú kì í bá ọmọ wáyé. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé adùn ohun tí aboyún ń jẹ a máa dé inú omi tí ó yí ọlẹ̀ ká. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń jẹ irú ti mọ irú kí ó tó mọ orúkọ ara rẹ̀, wọn a sì tún pọ̀n ọ́n dé ìdí àdògán. Bí ó bá wá ń yínmú sí i nígbà tí ó dàgbà, ẹnìkan ni ó kọ́ ọ.

Nígbà àrùn kòrónà ní ọdún 2020, àìmọye ènìyàn ni kò gbọ́ òórùn mọ́. Ọbẹ̀ di omi gbígbóná lásán lẹ́nu wọn, nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní adùn oúnjẹ, imú ni ó ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ọ̀fun. Ọ̀nà tí òórùn ń gbà dé ibi tí ìrántí wà nínú ọpọlọ sì kúrú púpọ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ Yorùbá tí ó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, bí ó bá gbọ́ òórùn irú, yóò fi rí ilé ìdáná ìyá rẹ̀ kí ó tó rí ìkòkò tí ó wà níwájú rẹ̀. Kí ni ọmọ tí wọn kò jẹ́ kí ó gbọ́ ọ rí yóò rántí?

Ẹ̀bi wà lọ́wọ́ àwọn alátẹ kan pẹ̀lú. Wọ́n ń ṣí irú sílẹ̀ fún eṣinṣin, òmíràn sì kún fún iyanrìn débi pé eyín kò lè gbà á. Irú bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí oníbàárà dá padà, kí ó sì sọ fún alátẹ ní gbangba pé iyanrìn ni òun kọ̀, kì í ṣe òórùn.