Ẹ Yé Gbé Ẹ̀bi Ọba Ọdẹ́wálé Ru Àyànmọ́

Bí olùkọ́ bá béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ni kókó ọ̀rọ̀ inú eré tí Ọlá Rótìmí pè ní The Gods Are Not to Blame, ìdáhùn kan náà ni yóò gbọ́ láti ìjókòó iwájú títí dé ti ẹ̀yìn: àyànmọ́ kò gbóògùn. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ọ́ sínú ìdánwò, olùkọ́ yóò fún un ní máàkì, kálukú yóò sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ìdáhùn náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òótọ́ ni. Ààbọ̀ òótọ́ sì léwu fún ọmọdé ju irọ́ pọ́ńbélé lọ, nítorí pé kì í tètè tú. Òǹkọ̀wé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sójú ìwé pé ẹ̀bi kì í ṣe ti àwọn òrìṣà. Kí ló wá dé tí àwọn tí ń fi eré náà kọ́ni fi ń bá a jiyàn lórí àkọlé tí òun fúnra rẹ̀ fún un?

Egungun ìtàn náà ti pẹ́. Sophocles, ọmọ ilẹ̀ Gíríìkì tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù, ni ó kọ eré nípa Oedipus, ọba Thebes, tí ó pa baba rẹ̀ tí ó sì fẹ́ ìyá rẹ̀ láìmọ̀. Rótìmí gbé egungun yìí wá sí ilẹ̀ Yorùbá, ó sì fi ẹran tuntun bò ó. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ọdún 1971 ni ó di ìwé títẹ̀. Ní Kútújẹ, Ọba Adétúsà àti Ayaba Ọjúọlá bí ọmọkùnrin. Baba Fákúnlé, awo tí kò ríran, sọ pé ọmọ náà yóò pa baba rẹ̀, yóò sì fi ìyá rẹ̀ ṣe aya. Wọ́n ní kí Gbọ́nká gbé e lọ pa nínú igbó, ṣùgbọ́n àánú ọmọ náà ṣe é, ó sì fi í lé ọdẹ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Ọdẹ́wálé ṣe dàgbà ní Ìjẹ̀kùn. Nígbà tí òun náà gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ yìí, ó sá fi ilé sílẹ̀, ó dá oko sí agbègbè Ẹdẹ, ó pa ọkùnrin kan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó dé Kútújẹ, ó gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn ará Ìkòlú tí ń kó wọn lẹ́rú, wọ́n fi í jọba, ó sì ṣú ayaba lópó. Àrùn bẹ́ sílùú, ìwádìí bẹ̀rẹ̀, àṣírí sì tú.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn tí ń di ẹ̀bi ru àyànmọ́. Wọ́n ní ọmọ ọwọ́ kò mọ nǹkan kan. Wọ́n ti dá ẹjọ́ rẹ̀ kí ó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì. Wọ́n ní ẹsẹ̀ tí ó fi ń sá fún ìbí gan-an ni ó gbé e lọ bá a. Àròyé yìí lágbára, kò sì yẹ kí olùkọ́ kankan fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn bí ẹni pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á padà sí oko Ẹdẹ, níbi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀.

Àsọtẹ́lẹ̀ sọ pé ọmọ yóò pa baba. Kò sọ pé kí ó gbé ọkọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọdẹ́wálé ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀, ó sì ń fura pé àwọn tí ó tọ́ òun kì í ṣe òbí òun. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí fún, kò ha yẹ kí ó búra pé òun kò ní gbé ọwọ́ sókè sí ọkùnrin tí ó tó bí òun lọ́mọ láéláé? Kò ha sì yẹ kí ó sá fún opó tí ó jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ì báà jẹ́ ayaba? Àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí wá bá a fa ọ̀ràn iṣu. Ọ̀ràn iṣu ṣì ṣeé parí. Ohun tí ó sọ ọ́ di ẹ̀jẹ̀ ni pé àgbàlagbà náà fi ẹ̀yà rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú rẹ̀ dúdú, ó sì fi ọkọ́ tí ó fi ń roko pa á. Ìbínú kò ṣe nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà. Òwe tí ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ ni ọba yìí kò rántí.

Ẹni tí ó bá rò pé ọjọ́ kan péré ni ìbínú náà, kí ó wo ààfin. Adérọ̀pò dé láti Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ tí Ifá rán, ó ń lọ́ra láti sọ ọ́ lójú àwùjọ. Ọba fura sí i. Baba Fákúnlé sọ òótọ́. Ọba ní wọ́n ti fún un ní rìbá. Láìsí ẹ̀rí kankan, ó ti parí èrò pé nítorí òun kì í ṣe ọmọ Kútújẹ ni wọ́n fi ń dìtẹ̀ mọ́ òun, ó sì lé Adérọ̀pò jáde nílùú. Àbúrò rẹ̀ gan-an ni ó ń lé, òun kò mọ̀. Nínú ìfìwàwẹ̀dá yìí ni Rótìmí fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́ sí. Ogun abẹ́lé Nàìjíríà, tí ó jà láti 1967 sí 1970, ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí eré náà kọ́kọ́ dórí ìtàgé. Òǹkọ̀wé náà ṣàlàyé pé àwọn òrìṣà inú àkọlé òun kì í ṣe òrìṣà Yorùbá. Àwọn orílẹ̀-èdè alágbára tí a ń dá lẹ́bi ogun náà ni. Ìfura ẹ̀yà sí ẹ̀yà láàrin àwa fúnra wa ni ó ń bá wí. Nígbà tí ojú Ọdẹ́wálé ti fọ́ tán, òun náà jẹ́wọ́ pé ìfẹ́ ẹ̀yà ni àléébù òun. Ọba jẹ́wọ́, olùkọ́ sì ń bá a sẹ́!

Èyí kò sọ ọ́ di ènìyàn burúkú. Nígbà tí àrùn bẹ́ sílẹ̀, òun ni ó bá àwọn ará ìlú wí pé wọ́n kàn dùbúlẹ̀ láìṣe nǹkan kan, òun ni ó ní kí wọ́n lọ já ewé nínú igbó kí wọ́n sè é. Ẹni tí ó gbà pé àyànmọ́ kò gbóògùn kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ọjúọlá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ìwádìí sílẹ̀, kò gbà. Ìdí nìyí tí ìṣubú rẹ̀ fi ń dun ni: ènìyàn rere ni, àléébù kan ṣoṣo ni ó wó ilé rẹ̀. Kì í sì í ṣe òun nìkan ló jẹ̀bi. Àwọn òbí tí ó ní kí wọ́n pa ọmọ wọn ńkọ́? Gbọ́nká tí ó mọ̀ pé ọmọ náà kò kú, tí ó sì dákẹ́ ńkọ́? Àwọn ìjòyè tí ó gbé adé lé àjèjì lórí nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ẹni tí ó pa ọba àná ńkọ́?

Ibì kan wà tí ó yẹ kí á ti bi òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ léèrè. Nínú àṣà Yorùbá, Ifá kì í sọ ibi kí ó má sọ ẹbọ. Orí ni a yàn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀, ẹbọ àti ìwà ni ó ń gbé orí dé ibi tí ó ń lọ. Nínú eré yìí, babaláwo sọ ibi, ó sì dákẹ́. Ikú ọmọ ni àwọn òbí fi ṣe ètùtù. Àyànmọ́ tí kò ní ẹbọ yìí, ti Gíríìkì ni, kì í ṣe tiwa. Olùkọ́ tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ ń fi Ifá kọ́ ọmọ ní ohun tí Ifá kò sọ.

Ìpalára rẹ̀ kò sì mọ sínú ìdánwò. Ọmọ tí a kọ́ pé àyànmọ́ ni ó bi ọba ṣubú yóò dàgbà di òṣìṣẹ́ tí yóò ba iṣẹ́ jẹ́ tí yóò sì ní bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ ni. Yóò di olórí tí yóò fi ìbínú tú ìlú ká, tí yóò sì ní àwọn ẹ̀yà kejì ni ó ń ṣe òun. Irú wọn kò wọ́n wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ yí ìbéèrè padà. Ẹ má ṣe béèrè ohun tí àyànmọ́ ṣe fún Ọdẹ́wálé mọ́. Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣí ìwé, kí ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí Ọdẹ́wálé ti lè yà kí ó tó kan ògiri, kí ó sì sọ ìdí tí kò fi yà. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kòtò ni ó fà á, kí ni ará yòókù yóò rí kọ́?