Tábìlì Ẹni Méjì ní Párìs

  

Oníṣòwò aṣọ kan ni ó bi mí ní ìbéèrè tí ó di ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí. Òun àti aya rẹ̀ fẹ́ lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Párìs, olú-ìlú ilẹ̀ Faransé. Ìgbéyàwó wọn yóò pé ọdún mẹ́wàá nígbà tí wọ́n bá wà níbẹ̀, àbúrò sì ti bá wọn gba àyè ẹni méjì sílẹ̀ ní ilé oúnjẹ olówó ńlá kan, irú èyí tí wọ́n ti ń po ọgbọ́n ìdáná Faransé pọ̀ mọ́ ti ilẹ̀ mìíràn. Inú ọkọ dùn, ṣùgbọ́n ìyàwó fárígá. Ó ní, “Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n se ìrẹsì nílé àbúrò yín kí a jẹ ẹ́ ní ìrọ̀rùn. Èmi kò lè lọ jókòó láàárín òyìnbó kí n wá di ẹni ẹ̀sín nítorí ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì.” Ọkọ wá ń bi mí bóyá kí òun fi agbára mú un lọ.

Ìdáhùn mi ni pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a fi agbára mú lọ síbi àsè, bí ẹni tí a mú lọ sí kóòtù ni yóò jókòó. Ìbẹ̀rù ni ó dá a dúró, ìmọ̀ ni ó sì ń lé ìbẹ̀rù lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọn yóò bá níbẹ̀.

Ní ayé àtijọ́ ní Párìs, àlejò tí ebi ń pa kò ní tábìlì tirẹ̀. Orí tábìlì kan náà ni gbogbo wọn ti ń jẹun ní ilé èrò, ní wákàtí kan náà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá ni ó ń jẹ ẹran. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1766, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi ẹran fún àwọn tí ara wọn kò le. Omi ẹran yìí ni àwọn Faransé ń pè ní restaurant, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ohun tí ń dá okun padà sí ara. Nígbà tí ó yá, orúkọ ọbẹ̀ di orúkọ ilé tí a ti ń tà á. Nínú àwọn ilé wọ̀nyí ni oníkálukú ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní tábìlì kékeré tirẹ̀, tí ó sì ń yan ohun tí yóò jẹ láti inú ìwé tí a kọ iye owó sí. Lẹ́yìn tí ọ̀tẹ̀ ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní 1789 tí ọ̀pọ̀ ìjòyè sá lọ, àwọn alásè wọn di aláìníṣẹ́, púpọ̀ nínú wọn sì bọ́ sí iṣẹ́ ilé oúnjẹ. Báyìí ni ọmọ mẹ̀kúnnù tí ó bá ti lówó oúnjẹ lọ́wọ́ ṣe lè jókòó kí a máa sìn ín bí ọmọ ọba. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ibi ìsinmi ni ilé náà. Kò sí ẹni tí ń ṣe ìdánwò níbẹ̀.

Ní 2010, àjọ UNESCO kọ àsè àwọn Faransé mọ́ ogún àṣà gbogbo ayé, ìyẹn àsè tí wọ́n ń ṣe fún ìbí ọmọ, ìgbéyàwó àti irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ètò tirẹ̀. Nǹkan mímu ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, òun náà ni a fi ń parí; láàárín méjèèjì, ó kéré tán, oúnjẹ mẹ́rin ni: ìpanu ìbẹ̀rẹ̀, ẹja tàbí ẹran pẹ̀lú ẹ̀fọ́, wàràkàṣì, àti nǹkan dídùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé wọn wá. Bí àwo àkọ́kọ́ bá dà bí oúnjẹ ọmọ ọwọ́, ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní ti ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì, bí wọ́n bá tò wọ́n rẹpẹtẹ, láti ìta ni kí ẹ ti máa mú wọn bọ̀ wá sí inú, bí oúnjẹ ti ń dé. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnuwọ́ sórí itan. Ọwọ́ ni a fi ń bu búrẹ́dì. Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ to ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú àwo, agbáwo yóò mọ̀ pé kí òun wá gbé e. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ó wà nínú oúnjẹ, ẹ bi í; iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣàlàyé. Ìyàwó tí ó lè mọ ojúlówó léèsì nípa fífọwọ́ kàn án lásán kò lè kọ́ èyí tì.

Oúnjẹ àpòpọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa. Mory Sacko, tí ìdílé rẹ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá, ṣí ilé oúnjẹ MoSuke ní Párìs ní 2020, ó po ìdáná Faransé pọ̀ mọ́ ti Japan àti ti ilẹ̀ wa níhìn-ín. Ní 2021, ìwé Michelin fún un ní ìràwọ̀ kan. Àwọn onítáyà ọkọ̀ ni Michelin. Ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún àwọn onímọ́tò ní 1900 ni ó di ohun tí gbogbo alásè ń bẹ̀rù. Lára ohun tí ó sọ Sacko di olókìkí ni ẹja tí a sè nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹran màlúù tí a fi òrí tọ́jú. Òrí tí a fi ń pa ọmọ lára! Georgiana Viou, tí a bí ní Kútọnu, gba ìràwọ̀ tirẹ̀ ní 2023 ní ilé oúnjẹ Rouge ní ìlú Nîmes. Ẹni tí ó ti ń tú mọ́ínmọ́ín nínú ewé láti kékeré, kí ni yóò bà á lẹ́rù nínú ẹja inú ewé? Kí wọ́n sáà tètè sọ ohun tí wọn kì í jẹ fún ilé oúnjẹ náà kí ọjọ́ tó pé, nítorí ní ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ alásè ni ó ń yan gbogbo oúnjẹ.

Owó ńkọ́? Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ni kí ilé oúnjẹ lẹ iye owó oúnjẹ síta kí ènìyàn tó wọlé. Owó iṣẹ́ agbáwo ti wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi díẹ̀ kún un, ìfẹ́ inú yín ni. Wáìnì kì í ṣe dandan, omi ẹ̀rọ sì jẹ́ ọ̀fẹ́ bí ẹ bá béèrè. Kí tọkọtaya jọ fẹnu kò sí iye tí wọn yóò ná kí wọ́n tó jáde, kí wọ́n má yá owó nítorí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì dárúkọ iye náà mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí ọkọ bá ń ṣírò pé àwo yìí tó àpò ìrẹsì kan, ìrẹsì ni aya rẹ̀ yóò máa jẹ lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ọkọ yìí rò jinlẹ̀ ni èyí. Ọdún mẹ́wàá ni aya rẹ̀ ti ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, bí ìyàwó bá ti gbé àwo kalẹ̀, ẹ̀yìn ilé ni ó ń padà sí, òun àti àwọn ọmọ ni yóò sì jọ jẹun. Ọ̀rọ̀ tí ọkọ àti aya ń bá ara wọn sọ, ti owó ilé ìwé, owó ọjà àti àìsàn ọmọ ni. Wákàtí méjì tàbí mẹ́ta tí wọn yóò fi kojú sí ara wọn, tí ẹlòmíràn yóò máa gbé oúnjẹ fún aya, òun ni owó náà ń rà. Bóyá òun gan-an sì ni ó ń ba aya lẹ́rù ju fọ́ọ̀kì lọ: kí ni a óò máa sọ fún wákàtí mẹ́ta?

Nítorí náà, kí ọkọ múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń múra aṣọ sílẹ̀. Kí ó pa tẹlifóònù. Kí ó fi ọ̀rọ̀ gbèsè àti ti àwọn àna sílẹ̀ nílé. Kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ aya rẹ̀ fún ohun kan pàtó, kí ó sì dárúkọ rẹ̀: ọdún tí ọjà kò tà tí ó ta wúrà rẹ̀ láti gbé ilé ró, tàbí òru tí kò sùn nítorí àìsàn ìyá ọkọ. Kí ó bi í pé, “Kí ni o fẹ́ kí a ṣe ní ọdún mẹ́wàá tí ń bọ̀?” Kí ó sì dákẹ́ gbọ́ ìdáhùn.

Ẹnìkan lè ní àṣà òyìnbó ni èyí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìdána, ta ni kò rí bí a ti ń fi oyin, iyọ̀, obì àti ataare ṣàdúrà fún tọkọtaya, tí wọ́n sì ń tọ́ ọ wò? Kò sí òfin tí ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí wọ́n jọ tọ́ ọ wò.

Bí ìyàwó bá gbọ́ gbogbo èyí tí ó ṣì ní òun kò lọ, kí ọkọ gbà. Kí wọ́n tètè tẹ ilé oúnjẹ náà láago kí wọ́n fi àyè náà fún ẹlòmíràn, kí ọkọ wá se ìrẹsì náà fúnra rẹ̀, kí ó sì gbé e fún un. Ẹ̀yin tí ẹ kò sì ní í dé Párìs, tábìlì wà nílé yín. Ẹ fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí bàbá gbé àwo fún ìyá. Bí oúnjẹ bá jóná díẹ̀, ìyá yóò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà wà lára àsè.