Íǹṣì 16 Ni Kí Ẹ Rà

Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá. Ní òde àríyá tí a lọ kẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa kò jó, ìbọn ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Wọ́n ń ra ẹ̀yà ìbọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tò ó pọ̀ nílé: ìbọn tí à ń gbé ti èjìká, ṣùgbọ́n tó ń lo ọta ìbọn ìléwọ́, 9 mm. Báwo ni ọ̀pá rẹ̀, irin tí ọta ń gbà jáde, yóò ti gùn tó? Wọ́n ní 8 íǹṣì tó. Wọ́n ní ẹni tó bá ra 16, ṣakabùlà bàbá rẹ̀ ló fi kọ́ èjìká.

A kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ẹ̀tù inú ọta 9 mm kò pọ̀, kíá ló ń jó tán. Bí ọ̀pá bá gùn ju ti ìbọn ìléwọ́ lọ, eré ọta ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kí ó tó dé nǹkan bí 10 íǹṣì, èyí tó pọ̀ jù nínú èrè náà ti wọlé. Ìyókù, ṣẹ́ńjì ni. (Ẹ̀tù dúdú ni ṣakabùlà ń lò, gígùn rẹ̀ wúlò fún un, àwọn baba wa kò gọ̀.) Bó bá jẹ́ ti eré nìkan, wọ́n jàre.

Ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Òfin ìjọba àpapọ̀ ni pé ìbọn ìgbéléjìká tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó 16 íǹṣì, tàbí tí gbogbo ara rẹ̀ kò tó 26, ẹnì kan kò gbọdọ̀ tò ó láìkọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ìjọba sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 10. Wọ́n á ní owó orí $200 rẹ̀ ti di òfo láti January 1, 2026. Òótọ́ ni. Owó ló lọ, ìforúkọsílẹ̀ kò lọ! Àwa tí a ń fi ìṣírò jẹun mọ̀ pé fọ́ọ̀mù tí a kò san owó lé lórí, fọ́ọ̀mù náà ni. Ìpínlẹ̀ mìíràn sì wà tí kò gbà á rárá.

Àwọn kan ra 14.5, wọ́n yí irin kékeré mọ́ ẹnu rẹ̀ kí ó lè pé 16. Èyí tí ọwọ́ lè tún yí kúrò kò sí nínú ìwọ̀n. Àfi èyí tí a jó mọ́ ọn pátápátá.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù? Àwa ni. Ẹni tó wà níbí pẹ̀lú físà ọmọ ilé-ìwé tàbí ti ìbẹ̀wò kò gbọdọ̀ ní ìbọn kankan, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹni tó ní káàdì ìgbélùú lè ní in, ṣùgbọ́n bí ilé-ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ìbọn, wọ́n lè lé e padà sílé, kí ìyàwó àti ọmọ kù síbí. Nítorí íǹṣì 8! Ọmọ Amẹ́ríkà tó ń bá wọn jiyàn ń fi ẹ̀wọ̀n ta tẹ́tẹ́; tiwa, ẹ̀wọ̀n àti ilé ni.

Ẹni tó bá ti ra ọ̀pá kúkúrú, tí ìdí ìbọn ìgbéléjìká sì wà nílé, kí ó má so wọ́n pọ̀. Agbẹjọ́rò ni kí ó lọ bá, kì í ṣe àwa oníṣirò, kì í sì í ṣe àwọn tó wà lórí tábìlì ọtí.