A kì í fá orí lẹ́yìn olórí: ta ni ń sọ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n?

Lọ́dọọdún, láti oṣù kejì títí wọ oṣù karùn-ún, kajú ni ọ̀rọ̀ tí ó gba ẹnu gbogbo ènìyàn ní Bantè àti ní Savalou. Ọkùnrin ń ṣa á, obìnrin ń ṣa á, àwọn ọmọ a sì máa bá wọn ṣa á nígbà tí wọ́n bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Owó kajú ni a fi ń rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Òun ni a fi ń tọ́jú aláìsàn, òun náà ni a fi ń kan páànù sórí ilé. Nítorí náà, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bá kéde pé ìjọba ti ṣí ọjà kajú, tí ó sì ti dá iye owó kìlò kan, gbogbo etí ni ó máa ń ṣí sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni àgbẹ̀ ń rí nínú ìròyìn bẹ́ẹ̀? Lọ́pọ̀ ìgbà, ayẹyẹ ni. A ń rí àga tí a tò, a ń rí àwọn aláṣẹ tí wọ́n jókòó, a sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ gígùn ní èdè Faransé. Àgbẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú: a rí i tí ó ń pàtẹ́wọ́. Ohùn rẹ̀ ni a kò gbọ́. Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, olórí jókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè bí ó ti fẹ́ kí a fá orí rẹ̀.

Òfin tí ó yí ọjà padà

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó ti yí padà. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kò gbà mọ́ kí a kó kóró kajú tí a kò tíì pa jáde kúrò ní ilẹ̀ wa. Bákan náà ni ó rí fún sóyà.

Èrò ìjọba kò ṣòro láti lóye. Tẹ́lẹ̀ rí, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú kajú wa ni ọkọ̀ ojú omi ń kó lọ sí Íńdíà àti Vietnam. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á, tí wọ́n sì ń tà á fún àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Àwọn tí ó pa á ni ó ń jẹ èrè iṣẹ́ náà. Ní báyìí, ìjọba fẹ́ kí a máa pa á nílé, pàápàá ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Glo-Djigbé, ní àríwá Kútọnù, lórí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 1640. Wọ́n ní àwọn ọmọ wa yóò rí iṣẹ́ ṣe, owó yóò sì dúró nílé. Àgbẹ̀ wo ni kò ní fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rí iṣẹ́?

Ẹ̀rù àgbẹ̀ náà kò sì ṣòro láti lóye. Nígbà tí oníbàárà bá pọ̀, wọ́n a máa du ọjà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, owó a sì gòkè. Nígbà tí a bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn kan, ọwọ́ àwọn tí ó kù nínú ilé ni iye owó wà. Àwọn ará Tchetti àti Doumè, ní kọ̀múùnù Savalou, kò jìnnà sí ààlà Tógò. Bí owó tí ó wà lódì kejì ààlà bá ju ti ibí lọ, wọn yóò gbọ́. Ẹni tí ó bá gbé àpò rẹ̀ kọjá ti rú òfin, a sì lè gba ọjà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí tẹlifíṣọ̀n bá fi àpò tí a gbà hàn wá, ó yẹ kí ó sọ ohun tí ó mú àgbẹ̀ gbé e gba ọ̀nà ìgbẹ́ pẹ̀lú. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìbéèrè mẹ́ta tí owó wà nínú wọn

Ìbéèrè kìíní ni èyí: kí ni iye owó tí ìjọba dá túmọ̀ sí? Àwọn Faransé ń pè é ní prix plancher, èyí tí ó túmọ̀ sí owó ilẹ̀ pẹpẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé oníbàárà kò gbọdọ̀ ra kìlò kan ní iye tí ó kéré sí i. Kò sọ pé àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ilé ni, kì í ṣe òrùlé. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń túmọ̀ ìròyìn fún bàbá àti ìyá rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ iye kan, ó sì sọ pé, “Iye tí kajú jẹ́ lọ́dún yìí nìyí.” Láti ìgbà náà, ilẹ̀ ti di òrùlé. Bí oníbàárà bá dé, àgbẹ̀ kò tilẹ̀ ní dúnàádúrà mọ́, nítorí ó rò pé òfin ni.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ní àpò 10, tí àpò kọ̀ọ̀kan jẹ́ kìlò 80, ní kìlò 800. Bí ó bá pàdánù fáráǹkì 25 péré lórí kìlò kan, fáráǹkì 20.000 ni ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò pé ni ó fà á.

Ìbéèrè kejì: kí ni ó dé tí oníbàárà fi ń sọ pé kajú ẹnìkan dára ju ti ẹlòmíràn lọ? Àwọn oníṣòwò ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní KOR. Wọn a mú díẹ̀ nínú kóró náà, wọn a là á, wọn a ya ọmọ inú rẹ̀ tí ó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó bàjẹ́, wọn a sì wọ̀n ọ́n. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò iye ọmọ kajú rere tí yóò jáde láti inú àpò kìlò 80. Ìwọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kà á, èyí tí ẹyọ kan rẹ̀ kò tó ìdajì kìlò. Bí wọ́n bá pè é ní 48, ọmọ kajú tí yóò jáde nínú àpò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlò 22, ìyẹn sì dára. Àgbẹ̀ tí ó mọ èyí yóò dúró kí kóró fúnra rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ kí ó tó ṣa á. Yóò sá a sí oòrùn fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Kò ní dì í sínú àpò ọ̀rá tí yóò mú un bu, àpò okùn ni yóò lò. Lẹ́yìn náà, ó lè bi oníbàárà pé, “Mélòó ni KOR tèmi?” Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò lè béèrè rẹ̀.

Ìbéèrè kẹta: kí ni a ṣe fún ẹni tí kò lè dúró de ọjọ́ tí ọjà yóò ṣí? Oṣù tí kajú ń so kì í ṣe oṣù tí oúnjẹ pọ̀ nílé. Ẹlòmíràn ti gba owó lọ́wọ́ oníbàárà kí kóró tó bọ́ sílẹ̀, gbèsè náà ni ó sì ń dá iye owó fún un. Bí ìjọba dá owó, bí kò dá a, ti onígbèsè ti tán. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ayẹyẹ nínú, ṣùgbọ́n òun ni ó yẹ kí a fi kámẹ́rà wò jù lọ.

Èdè wo, àkókò wo?

Tẹlifíṣọ̀n ìjọba wa, tí a ti mọ̀ sí ORTB tipẹ́, ti ń fi àwòrán hàn láti ọdún 1978. Ó ń sọ ìròyìn ní àwọn èdè ilẹ̀ wa pẹ̀lú, a sì gbọ́dọ̀ yìn ín fún èyí. Ṣùgbọ́n ìròyìn kúkúrú kò tó láti ṣàlàyé KOR, tàbí láti jẹ́ kí àgbẹ̀ bi ẹni tí ó mọ̀ ní ìbéèrè. Ní Bantè, Itcha ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ. Ní Savalou, a ń sọ Mahi, a sì ń sọ Ifè. Itcha àti Ifè jẹ́ ọmọ ilé kan náà pẹ̀lú Yorùbá tí ẹ ń kà yìí. Mahi sún mọ́ Fọ̀n. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá àgbẹ̀ Collines sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí.

Ó sì gbọ́dọ̀ mọ àkókò pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo abúlé ni iná mọ̀nàmọ́ná dé. Rédíò kékeré ń bá àgbẹ̀ dé oko, tẹlifíṣọ̀n kò lè bá a dé ibẹ̀. Ní báyìí, tẹlifóònù ń gbé ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ kiri láti abúlé dé abúlé. Ó yá, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fi ohùn ránṣẹ́ pé owó kajú yóò gòkè ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, tí àgbẹ̀ sì tọ́jú àpò rẹ̀ nítorí èyí, ta ni yóò dáhùn bí irọ́ bá ni? Ilé iṣẹ́ ìròyìn ní orúkọ, a sì mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ sọ pé tẹlifíṣọ̀n àti rédíò kò wúlò fún wa mọ́.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan

Ní Írẹ́lándì, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù tí ó kún fún màlúù àti wàrà, tẹlifíṣọ̀n RTÉ ti ń ṣe ètò kan nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ láti ọdún 1993. Ear to the Ground ni orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ a máa jiyàn lórí bí tẹlifíṣọ̀n ti ń fi iṣẹ́ wọn hàn. Àwọn kan ní ó dùn ún wò. Àwọn mìíràn béèrè pé, ìgbà wo ni a óò fi òkè aláwọ̀ ewé sílẹ̀, tí a óò sọ̀rọ̀ owó wàrà àti owó ẹran? Ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun kan tí a lè kọ́ lára wọn: ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí ó lágbára, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1955. Nígbà tí Yúróòpù bá àwọn orílẹ̀-èdè Gúúsù Amẹ́ríkà fi ẹnu kò lórí òwò ní ìparí ọdún 2024, tí ẹ̀rù ẹran màlúù Brazil sì ba àwọn àgbẹ̀ Írẹ́lándì, wọn kò dúró de kámẹ́rà. Wọ́n jáde, wọ́n sọ̀rọ̀, kámẹ́rà sì tẹ̀lé wọn.

Àwọn ará Kánádà ti ṣe ohun tí ó tún sún mọ́ tiwa. Láti ọdún 1941 títí di 1965, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ a máa kó ara wọn jọ sí ilé aládùúgbò. Wọn a ka ìwé kékeré tí a fi ránṣẹ́ sí wọn, wọn a gbọ́ rédíò, wọn a jíròrò, wọn a sì kọ èrò wọn ránṣẹ́ padà. Lẹ́yìn náà, rédíò a sọ ohun tí wọ́n wí. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ìlànà wọn: kà, gbọ́, jíròrò, ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí kò lè ṣẹ lọ́dọ̀ wa, kí ó rántí àwọn obìnrin tí ń bọ ìrẹsì ní àárín gbùngbùn Bẹ̀nẹ̀. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, àwọn olùwádìí ìrẹsì ṣe fídíò kan nípa ọ̀nà tí ó dára jù láti bọ ìrẹsì kí a tó gún un. Àwọn obìnrin bíi tiwọn ni ó wà nínú fídíò náà, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni a sì fi hàn. Nígbà tí a wádìí rẹ̀, fídíò ti dé ọ̀dọ̀ obìnrin 74 nínú 100, nígbà tí ẹ̀kọ́ ojúkojú dé ọ̀dọ̀ 27 péré. Nínú àwọn tí ó wò ó, ó lé ní 95 nínú 100 tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá ìrẹsì wọn sórí tapólì dípò ilẹ̀ lásán. Àwòrán kì í ṣe ọ̀tá àgbẹ̀. Àwòrán tí àgbẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ bí olùmọ̀ ni kò ràn án lọ́wọ́.

Kí ni kí a ṣe?

Ojúṣe àwọn oníròyìn kò pọ̀. Kí wọ́n wá sí oko lọ́jọ́ tí kò sí ayẹyẹ. Kí wọ́n jẹ́ kí àgbẹ̀, oníbàárà àti aláṣẹ jókòó papọ̀, kí oníkálùkù sì sọ èdè rẹ̀. Bí wọ́n bá kéde owó, kí wọ́n sọ pé ìsàlẹ̀ owó ni, kì í ṣe òkè rẹ̀.

Ojúṣe tiwa náà ń bẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà, ẹ ti ní ohun èlò kan tí àwọn bàbá wa kò ní. Kí ọjà kajú tó ṣí lọ́dún tí ń bọ̀, ẹ jókòó nínú ẹgbẹ́ yín. Ẹ ka ìwé yìí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀, kò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ. Ẹ fún ẹnìkan ní iṣẹ́ láti gbé e lọ sí ilé rédíò àdúgbò, kí ẹlòmíràn sì gbé e fún mẹ́ẹ̀rì. Nígbà tí kámẹ́rà bá sì dé, tí wọ́n ní kí ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ pa á. Lẹ́yìn náà, ẹ na ọwọ́ sókè, kí ẹ sì béèrè.