Ẹ Wo Abẹ́ Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Lẹ Táìsì

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn onílé ẹlẹgbẹ́ mi ní Ìpàjà àti agbègbè rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí balùwẹ̀ tí kálukú ń tún ṣe kiri báyìí. Iṣẹ́ púlọ́ńbà ni mo fi jẹun títí ara fi sọ pé ó tó, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo ń sọ, kì í ṣe àgbọ́sọ.

Ilé àtijọ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ yọ Gowon Estate tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ sílẹ̀, ẹ yọ ilé Jákáńdè ti Abẹ́sàn àti Shagari Estate tí wọ́n kọ́ láyé ìjọba alágbádá ti 1979 sí 1983. Èyí tó kù, àwọn bàbá wa ló fi owó ara wọn kọ́ ọ: yàrá mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín, balùwẹ̀ kan àti ilé ìgbẹ́ kan lẹ́yìnkùlé. Òmíràn ò ní ju ṣáláńgá lọ títí ọmọ tó wà lókè òkun fi fowó ránṣẹ́. Irú ilé báyìí ni wọ́n ń sọ di sẹ́ẹ̀fù-kọ̀ńtéènì. Wọ́n á pa yàrá méjì pọ̀, wọ́n á ki balùwẹ̀ sí i nínú, wọ́n á lẹ táìsì tó ń dán bíi dígí, owó ilé á sì gun òkè.

Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó tún ilé rẹ̀ ṣe. Ta ló wù kó máa tò sórí ìlà láàárọ̀ kùtùkùtù tòun ti bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́? Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n ni pé, ṣokawé wo ni gbogbo rẹ̀ ń lọ? Ibẹ̀ ni ẹnu máa ń wọhò.

Ṣokawé tí wọ́n gbẹ́ fún ilé ìgbẹ́ kan ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, òun náà ni wọ́n fẹ́ kó gba ti mẹ́rin. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó lè fara dà á. Bí òjò bá dé tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ga sókè, ilẹ̀ ò ní lè mu ún mọ́, ohun tí ẹ dà sísàlẹ̀ á sì padà wá kí yín ní balùwẹ̀, lórí táìsì olówó ńlá. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹlòmíràn á wá fi òru so páìpù mọ́ gọ́tà ojú títì, kí gbogbo àdúgbò lè máa gbóòórùn ohun tí ìdílé kan jẹ lánàá.

Èyí tó bà mí nínú jẹ́ jù ni ti kànga. Pulọ́ọ̀tì kan lọ́dọ̀ wa, ẹsẹ̀ bàtà 60 níbùú, 120 lóròó ni, bíi mítà 18 sí 36 nìyẹn, ìdajì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sì ní. Àwọn onímọ̀ ìlera ń fẹ́ kí nǹkan bíi mítà 30 wà láàárín kànga àti ṣokawé. Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Bí ṣokawé yín bá tilẹ̀ jìnnà sí kànga yín, ó lè jẹ́ pé ìdí kànga aládùúgbò ló wà. Ẹ ò tíì gbàgbé onígbáméjì tó jà ní Èkó lọ́dún 2024. Omi tí ìgbẹ́ kàn ni àrùn yẹn ń bá rìn. Láyé wòléwòlé, bí wọ́n bá rí tanwíjí nínú ìkòkò omi lásán, ẹjọ́ ni. Nísinsìnyí, ìgbẹ́ àti omi mímu ń gbé inú ọgbà kan náà, kò sẹ́ni tó yọjú.

Kí n sọ ti páìpù náà. Páìpù irin ni wọ́n fi sí ọ̀pọ̀ ilé ìgbà yẹn. Omi ilẹ̀ Èkó sábà máa ń kan díẹ̀, irin sì wà nínú rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí bọ́kẹ́ẹ̀tì yín pọ́n bíi pé wọ́n fi osùn kùn ún. Irú omi bẹ́ẹ̀ a máa jẹ páìpù irin láti inú. Bíríkìlà á fi sìmẹ́ńtì bò ó mọ́lẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí ògiri yàrá kejì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi ti rọ́bà sí i nígbà tí ilẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ má gbà kí wọ́n lẹ táìsì tuntun lé ti àtijọ́ lórí o, torí ilẹ̀ balùwẹ̀ á ga ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ibi tó rẹlẹ̀ lomi sì mọ̀. Láàárín mítà kan, kí ilẹ̀ fi bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì da gẹ́rẹ́ sí ibi ihò omi. Kí táìsì tó dé ilẹ̀ rárá, ẹ dí ihò náà pa, ẹ da omi sílẹ̀ kó jìn tó ìka mẹ́ta, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá fà lọ, tàbí tí ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tutù, ẹ má tíì sanwó. Inú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi oníṣẹ́ ò ní dùn sí èyí, ṣùgbọ́n mo ti fẹ̀yìn tì, kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe?

Táìsì dídán yẹn, ara ògiri ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ti ilẹ̀, èyí tó ha lójú ni kí ẹ wá. Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa yọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe láti fi dá a lọ́lá. Egungun itan ló ṣẹ́, kò dá rìn mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ yìí fẹ́ràn ìyá wọn o. Irin ìdìmú kan lára ògiri, owó rẹ̀ ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n ná.

Ó ku ti àwọn ayálégbé. Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 kà á mọ́ iṣẹ́ onílé pé kó máa tún apá ilé tí gbogbo wọn jọ ń lò ṣe, àfi bí àdéhùn bá sọ ọ́ yàtọ̀, kó má sì dí ohun tí wọ́n jọ ń lò mọ́ wọn. Síbẹ̀ mo mọ onílé kan tó wó balùwẹ̀ kan ṣoṣo tí ìdílé mẹ́fà ń lò, tó ní òun ń tún un ṣe. Oṣù mẹ́ta gbáko ni tọkùnrin tobìnrin fi ń wẹ̀ lẹ́yìn páànù. Ó fẹ́ kí wọ́n bínú jáde ni, mẹ́rin sì jáde. Bí ẹ bá fẹ́ kí ènìyàn kó jáde, ẹ fún un níwèé bó ti yẹ. Bí ẹ bá sì fẹ́ wó balùwẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣe òmíràn tí wọ́n á máa lò, ì báà jẹ́ ti pákó. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni fún káfíńtà.

Púlọ́ńbà Àfẹ̀yìntì,
Ìpàjà, Èkó.