Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Kọ Ìtàn Ilé

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣètò iṣẹ́ ìwádìí lórí ìtàn ilé kíkọ́ ni kò wo ilé kankan kí ó tó sọ iṣẹ́ rẹ̀ lórúkọ. Àkòrí ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, ìwé ni wọ́n ń fi tẹ̀ lé e, ilé ló ń gbẹ̀yìn. Nígbà tí wọn yóò bá sì fi dé ìdí ilé ọ̀hún, ó lè ti di ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí wà ní Tinúbú, ní erékùṣù Èkó. Níbẹ̀ ni ilé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ilojo Bar wà. Ìdílé Fernandez, tí í ṣe Àgùdà, ni ìtàn sọ pé ó kọ́ ọ ní 1855. Ní 1933, ó di ti ìdílé Ọláìyá. Ní 1956, ìjọba kéde pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin ń dáàbò bò ni. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni òfin fi ṣọ́ ọ, síbẹ̀ òfin kò gbà á sílẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn ti yà ní fọ́tò tàbí tí wọ́n ti wọ̀n ṣáájú ọjọ́ náà nìkan ló ṣẹ́kù. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n, kò sí ẹni tí yóò tún wọ̀n ọ́n mọ́.

Ètò tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú, kí ó yẹ ìwé àwọn aṣáájú wò, kí ó ṣàlàyé ọgbọ́n ìwádìí rẹ̀, kí ó tó wá jáde lọ wo ohun tí ó ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ètò náà dára fún ẹni tí ohun tí ó ń wá kò ní sá lọ. Ìwé inú ilé ìkówèésí kì í sá lọ. Ilé ni òjò ń pa, ilé ni àwọn ọmọ olóògbé ń pín, ilé ni ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìtajà ń rà lọ́wọ́ wọn. Èwo nínú méjèèjì ló yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ sáré bá?

Àṣìṣe kejì ni àkòrí tó fẹ̀ ju apá lọ. Ẹni tí ó ní oṣù mẹ́fà péré yóò ní òun fẹ́ kọ ìtàn ilé kíkọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá láti ìgbà ìwáṣẹ̀ títí di òní. Nígbà tí G. J. Afọlábí Òjó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1966, ààfin àwọn ọba nìkan ló mú. Zbigniew Dmochowski, ọmọ ilẹ̀ Póláńdì, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa wọn ilé kiri Nàìjíríà, kí ìwé rẹ̀ alápá mẹ́ta tó jáde ní 1990, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn tí ń da ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kọ lónìí gbàgbé pé orí ilẹ̀, nídìí ògiri, ni ìwé náà ti wá.

Ètò tó yanjú kò ju ilé kan àti ìbéèrè kan lọ. Ẹ wo ìbéèrè yìí: agbo ilé àtijọ́ ní àgbàlá láàárín, tí yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká. Nígbà tí àwọn Àgùdà ti Bàhíà dé, tí àwọn oníṣẹ́ wọn sì ń kọ́ àwọn ọmọ Èkó níṣẹ́, ilé olókè gbòde, tí ọ̀nà gba àárín rẹ̀ kọjá, tí yàrá sì kọjú síra wọn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ dé Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn. Ǹjẹ́ ilé ará Brazil ni, tàbí àgbàlá Yorùbá ni wọ́n fi òrùlé bò? Àwọn onímọ̀ kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wọn ilé kan ṣoṣo dáadáa, tí ó bèèrè ẹni tí ń sun yàrá kọ̀ọ̀kan àti ibi tí wọ́n ti ń dáná, yóò ní ohun tí yóò fi dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó ka ogún ìwé láìwo ilé yóò kàn tún ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn sọ ni.

Àwọn kan yóò ní àgbà a máa bu iyọ̀ sí ìtàn ìdílé rẹ̀. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé ọ̀rọ̀ àgbà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ilẹ̀, fọ́tò àtijọ́ àti ògiri fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé náà a máa fi nǹkan pamọ́. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894, orúkọ João Baptista da Costa ni ìwé fi ń pe ẹni tó darí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó po amọ̀, tó gbé bíríkì, tó rẹ́ ògiri ńkọ́? Díẹ̀ ni ìwé dárúkọ nínú wọn. Ẹnu àwọn ọmọ wọn nìkan ló kù tí a lè bá orúkọ àwọn yòókù.

Ẹni tí yóò sì bá wọn sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fi Yorùbá ṣètò ìbéèrè rẹ̀. Bírikìlà àgbà tí a bá fi èdè ìwé Gẹ̀ẹ́sì bi léèrè iṣẹ́ rẹ̀ yóò dákẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò mọ nǹkan kan. Bí a bá bi í bí wọ́n ṣe fún òpó iwájú ilé ní ọ̀nà rẹ̀, ilẹ̀ lè ṣú kí ó tó parí.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú téèpù, kí ó mú ìwé àkọsílẹ̀, kí ó kí onílé dáadáa, kí ó wọlé. Lẹ́yìn èyí ni kí ó padà lọ sí ilé ìkówèésí. Yóò bá ìwé níbẹ̀.